Iye Tó Wà Lára Irin Ògbó: Ọjà Katakata Àlòkù ní Jos

 

Kò sí ìlú tí ọ̀rọ̀ òní bá mu tó Jos. Ní 1914, ojú irin tóóró tó ti Zaria wá dé Bukuru nítorí tánganran, èyí tí Hausa ń pè ní kuza, orúkọ tó jọ kùsà inú ìwakùsà tiwa bí ìbejì. Àwọn Yorùbá tẹ̀lé ojú irin náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà ni orí òkè Jos yìí ti jẹ́ ibi tí irin ń wọ̀ ní tuntun tí kì í sì í tètè kúrò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wa kùsà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi, ọkọ̀ akẹ́rù, katakata: bí olówó àkọ́kọ́ bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ti dúró tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà rẹ̀ wò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá. Kí ló ń fi iye lé katakata tó ti gbó?

Ó lè dà bí ohun tí ọmọ ilé ìwé lè dáhùn: ohun tó bá ti gbó, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra katakata nígbà ìjọba Shagari, tó bá tà á lónìí, iye náírà tí yóò gbà fi ìlọ́po-ìlọ́po ju iye tó san lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ tún wo apá kejì. Katakata méjì tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tí agbára wọn kò jìnnà síra, lè dé ọjà ní ọjọ́ kan náà, kí àwọn oníbàárà máa du ọ̀kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí èkejì sì dúró síbẹ̀ títí koríko fi bò ó. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ni ìdáhùn, méjèèjì ìbá jọ gòkè tàbí kí wọ́n jọ sọ̀.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìtúnṣe ló ń fi iye lé e. Katakata tí a lè tún ṣe níbi tó bà jẹ́ sí, lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, pẹ̀lú páàtì tó wà lọ́jà, òun ló níye lórí. Náírà lè gbé owó rẹ̀ sókè, òjò lè gbé e sókè fún oṣù méjì mẹ́ta, ìjọba náà lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìtúnṣe ni yóò sọ ibi tí yóò dúró sí.

Èkínní: Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ ká là yé ara wa

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni katakata fúnra rẹ̀. Orúkọ náà dún bí ìró ẹ́ńjìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá fi í pe ohun méjì: ẹ̀rọ tó ń wó ilé tó sì ń la ọ̀nà, àti ẹ̀rọ olóríṣi táyà méjì, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn, tó ń túlẹ̀ lóko. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní tirakítọ̀, Hausa ń pè é ní tarakta.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ògbó. Ó yẹ ká fara balẹ̀ níbí, nítorí orúkọ kan ni a fi ń bo ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Àlòkù ni èyí tí wọ́n lò níbí gbó. Tòkúnbọ̀ ni èyí tí àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè lò, tí wọ́n wá kó gba orí omi wá. Ó lè gbó ju àlòkù lọ, síbẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ oníbàárà, àjòjì lásán ni, kì í ṣe arúgbó. Ẹ̀kẹta ni ohun àtijọ́, èyí tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ń jẹ nínú ìtàn rẹ̀. Ní musíọ̀mù Jos, tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní 1952, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin tóóró ti Bukuru yẹn wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ó ṣì lè fa ẹrù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà fún katakata. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú Ferguson TE20 aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ṣe láti 1946 dé 1956, tó lé ní 500,000, bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin àfiṣeré. Ọjà bẹ́ẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Katakata tó bá dé ọjà Jos, iṣẹ́ ló wá wá.

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ ògbó. Ọdún kọ́ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ka ọjọ́ orí katakata. Wákàtí ni. Mítà kan wà lójú ẹ̀rọ náà tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ṣiṣẹ́. Èyí tó ti pé 20 ọdún tó jẹ́ pé abẹ́ ìbòòji ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó lè kéré sí ọmọ ọdún márùn-ún tí kò sinmi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lára ọ̀pọ̀ katakata ògbó, mítà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni iye. Iye yàtọ̀ sí owó. Owó ni ohun tí ẹni méjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí alágbàtà, ẹni tí Hausa ń pè ní dillali, ti lọ ti bọ̀ láàárín wọn. Ebi lè mú ẹni tó ń tà á, ìkánjú lè mú ẹni tó ń rà á. Iye katakata ògbó ní tirẹ̀ ni iṣẹ́ tó kù nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí a óò ná kí iṣẹ́ náà tó lè jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí a óò máa padà sórí rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni iye lè gbà lọ: kí iṣẹ́ tó kù parí, tàbí kí ohun tí a óò ná láti mú un jáde ju iṣẹ́ náà lọ.

Èkejì: Bí irin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Mokwa, ní Ìpínlẹ̀ Niger òní, wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ fi owó ńlá kọ́gbọ́n nípa katakata. Ní 1949, wọ́n dá oko ẹlẹ́rọ sílẹ̀ níbẹ̀, pé ẹ̀rọ ni yóò ṣán igbó tí yóò sì túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó wá, kí ẹ̀pà àti ọkà lè pọ̀. Nígbà tó fi di 1954, wọ́n ti pa ètò náà tì, K.D.S. Baldwin sì kọ odindi ìwé kan lé e lórí ní 1957. Gbòǹgbò igi ń da ẹ̀rọ láàmú, owó ìṣángbó kọjá ohun tí ẹ̀pà lè san. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ bá sì tú lójúmọ́, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi ń roko rẹ̀, ọwọ́ kò sì tó o.

Ní ìwọ̀ oòrùn, ètò ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba agbègbè gbé kalẹ̀ ní 1959 mú katakata dé Ìlọrà, Akùfọ̀ àti Fáṣọlá. Owó epo rọ̀bì ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọbásanjọ́ dá ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ Operation Feed the Nation sílẹ̀ ní 1976, Shagari sì dá ètò Green Revolution sílẹ̀ ní 1980. Láàárín ìgbà kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù dòwò pọ̀ láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù nílẹ̀ yìí: Leyland ní Ìbàdàn, Anammco ní Enugu, Fiat ní Kano, Steyr ní Bauchi. Bauchi ló kan Jos jù, nítorí pé wọ́n ń to katakata Steyr ti ilẹ̀ Austria níbẹ̀, ibi tí kò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ sí gbọ̀ngàn yìí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú katakata ìgbà náà, ọwọ́ ìjọba ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni ìtàn iye wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti gbogbo ayé, awakọ̀ rẹ̀ a máa gbowó oṣù bó ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́. Nọ́sù kan bà jẹ́, ìwé ìbéèrè nọ́sù ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, òjò ti dá kí owó tó jáde. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tú bátìrì rẹ̀ fún òmíràn, wọ́n tú táyà, ó di òkú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n kéde gbàǹjo, ọ̀rọ̀ kan tí àwa àti Hausa jọ ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gwanjo lẹ́nu tiwọn ti di orúkọ aṣọ àlòkù.

Ọjọ́ gbàǹjo ni ìwé akọ̀wé owó àti ojú mẹkáníìkì máa ń pàdé. Akọ̀wé owó ti ń yọ ìdá kan kúrò nínú iye ẹ̀rọ náà lọ́dọọdún títí ìwé fi sọ pé ó ti di òfo. Mẹkáníìkì dé, ó yí i po, ó rí gíábọ́ọ̀sì tí kò là, ó rí kíránkì tí kò tẹ̀. Ó ra méjì, ó fi ṣe ọ̀kan, ó sì túlẹ̀ ní ọdún náà. Ohun tó bọ́ sí òfo nínú ìwé kò tíì bọ́ sí òfo lóko. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ katakata fi bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, tí wọ́n sì fi ní olówó tó ń sùn tì wọ́n.

Ẹ̀kẹta: Ohun tí Bukuru fi kọ́ wa

Ẹ̀rí pé kì í ṣe ìpẹtà ló ń pa iye ẹ̀rọ kò jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà Amalgamated Tin Mines of Nigeria, tó fi agbègbè Bukuru ṣe ibùjókòó, ní àwọn ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tó tóbi bí ilé, tó ń fi ẹsẹ̀ irin rìn. Iṣẹ́ tánganran ti ń rẹ̀yìn ṣáájú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1985, Ìgbìmọ̀ Tánganran Àgbáyé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, ọjà irin London sì dá títà tánganran dúró. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó dípẹtà mọ́jú ọjọ́ náà. Bóòtù tó le lánàá ṣì le. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, iye wọn sì bá a lọ.

Ohun tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi inú kòtò ìwakùsà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀rùn láti fi bomi rin ọ̀dùnkún, tòmátò àti kábéèjì. Ẹ̀rọ ìfami kékeré tí ènìyàn kan lè gbé léjìká wá níye lórí létí kòtò tí ẹ̀rọ ńlá gbẹ́. Ìdajì ìtumọ̀ iye wa nìyẹn, iṣẹ́ tó kù. Ìdajì kejì, ohun tí a óò ná, le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé náírà wà láàárín.

Ẹ̀kẹrin: Náírà tó ń tanni jẹ

Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Oṣù kẹsàn-án 1986 ni ìjọba Babangida jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà, tí kò sì padà síbi tó wà mọ́. Ní àárín 2023 wọ́n tún jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: láti nǹkan bí 470 sí dọ́là kan, ó kọjá 1,500 kí 2024 tó parí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ra katakata tòkúnbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ní 10,000 dọ́là. Ní 470, mílíọ̀nù mẹ́rin àti 700,000 náírà ló san. Ó lò ó fún ọdún méjì, ó fẹ́ tà á. Ẹ̀rọ náà ti rẹ̀, ìdá mẹ́ta iye rẹ̀ ti lọ, ká sọ pé ó ku 6,700 dọ́là. Ní 1,500, mílíọ̀nù mẹ́wàá àti 50,000 náírà nìyẹn. Ó kówó sápò, ó ń dúpẹ́ pé irin òun ti bí ju ìlọ́po méjì. Kó wá padà lọ ra irú èyí tó kọ́kọ́ rà: mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ń bèèrè. Owó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, katakata tí owó náà lè rà kéré sí i.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òǹkà náírà sọ pé katakata ògbó ti níye lórí sí i. Tòkúnbọ̀ ló ń fa owó àlòkù lọ́wọ́ sókè, nítorí pé ẹni tí kò bá ra àlòkù, tòkúnbọ̀ ni yóò lọ rà, èbúté sì ń fi dọ́là sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n náírà ṣe ohun kan tó kan kókó wa gan-an. Páàtì tó ti òkèèrè wá ń tẹ̀lé dọ́là. Ọwọ́ mẹkáníìkì ní Jos kò tẹ̀lé e. Owó iṣẹ́ wẹ́dà, owó ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin yíká, náírà ni, kì í sì í yára gòkè bí dọ́là. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí náírà bá ṣubú, katakata tí ìtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ju páàtì lọ a máa jèrè lórí èyí tí ìtúnṣe rẹ̀ jẹ́ páàtì ju ọwọ́ lọ. Ṣáfútì tó jẹ tí wẹ́dà lè kún, tí agbẹ́rin lè dá padà sí ìwọ̀n, kò ní láti ti òkèèrè wá. A tún ti padà sórí ìtúnṣe.

Ẹ̀karùn-ún: Ọwọ́ tó ń tún un ṣe

Ẹ wo Massey Ferguson 135. Láti 1964 dé 1975 ni wọ́n fi ṣe é, Banner Lane ní Coventry sì jẹ́ ibi ńlá kan nínú ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ́ńjìnì Perkins onípisitínì mẹ́ta, agbára ẹṣin bíi 45, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ó ti tó nǹkan bí 50 ọdún tí wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn. Ní 2002, Banner Lane fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ katakata dúró. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó bí ẹ̀rọ ló ń mú un wà láàyè, 135 ì bá ti kú pátápátá.

Kò kú. Massey Ferguson ti fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Pakistan, India àti Turkey láṣẹ láti máa ṣe irú ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe àbúrò 135 lọ títí di ìgbà tiwa. Ẹni tó ń wá ríìngì, nọ́sù tàbí kílọ́ọ̀ṣì yóò rí ojúlówó, yóò rí ti Pakistan, yóò rí ayédèrú pẹ̀lú, owó rẹ̀ ni yóò sọ èyí tí yóò mú. Ẹ́ńjìnì Perkins tún wọ inú jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ oríṣiríṣi, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ tí kò dé oko rí ti lè mọ̀ ọ́n tú. Kò tán síbẹ̀. Apá mẹ́ta tí Harry Ferguson fi ń gbé ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn katakata ti di ìwọ̀n gbogbo ayé, tó fi jẹ́ pé ohun ìtúlẹ̀ tí wọ́n rà fún Massey yóò wọ ẹ̀yìn katakata Mahindra láìjà. Ẹni tó ra 135, kò ra ẹ̀rọ kan. Ó ra ẹ̀tọ́ láti wọ ọjà páàtì kan tó gbòòrò dé Lahore ní Pakistan.

Ní ọwọ́ kejì, Steyr. Irin rẹ̀ le, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n sì ti ń tò ó. Ká ní ìsúnmọ́ ilé iṣẹ́ nìkan tó, Steyr ni ì bá wọ́n jù ní Jos. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Bauchi rẹ̀yìn, ní 1996 ẹ̀ka katakata Steyr ní Austria fúnra rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Case ti Amẹ́ríkà. Odò páàtì gbẹ. Láti ìgbà náà, òkú ló ń bọ́ alààyè: ẹni tó ní Steyr tó ń ṣiṣẹ́ ń wá Steyr tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kiri láti tú ẹran ara rẹ̀.

Ó yẹ ká dúró lé èyí lórí díẹ̀, nítorí òun ni apá ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbàlá mẹkáníìkì tó ti dàgbà nínú iṣẹ́, tí òkú katakata mẹ́wàá wà nínú koríko rẹ̀, àkísà àgbà nìyẹn, ọrọ̀ sì ni. Níwọ̀n ìgbà tí òkú bá ṣì pọ̀, páàtì rọjú, alààyè níye lórí. Bí òkú bá ti ń tán, páàtì kan ṣoṣo tó kù di góòlù, owó rẹ̀ gòkè, ìtúnṣe gòkè pẹ̀lú rẹ̀, iye alààyè sì wálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá páàtì kan títí tí wọn kò rí i, Steyr tó ṣì ń mú iná lánàá di kọ́ńdẹ̀mù.

Ọjà kọ́ńdẹ̀mù sì wà. Àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan jari bola ń fi òṣùwọ̀n ra irin lọ́wọ́ ẹni tó ti sú, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ sí gúúsù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ìkòròdú ń sọ ọ́ di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Iye kílò lọ́nà owó kílò kan ni ìsàlẹ̀ tí owó katakata kankan kì í rékọjá. Bí owó tí wọ́n ń pè lé katakata kan bá ti ń sún mọ́ owó kílò, ìparí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ló dé yẹn.

Àwọn tó bá rò pé nítorí òṣì wa ni ọ̀rọ̀ ìtúnṣe fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìwé ìròyìn Star Tribune ti Minnesota ròyìn pé àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ ń du katakata ìparí àwọn ọdún 1970 àti ti àwọn ọdún 1980 mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gbàǹjo. Kì í ṣe owó nìkan ló fà á. Tuntun ti kún fún kọ̀ǹpútà tí aṣojú ilé iṣẹ́ nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́ lójú oko nígbà ìkórè, àgbẹ̀ yóò máa wo ojú ọ̀run títí wọn yóò fi dé. Èyí tó gbó, òun fúnra rẹ̀ ló lè fi sípánà ṣí i. Ní 2023, Ìpínlẹ̀ Colorado ṣòfin pé àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ FTC ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé John Deere lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àgbẹ̀ Minnesota àti àgbẹ̀ Shendam ní Plateau kò mọ ara wọn, wọ́n sì ń san owó fún ohun kan náà.

Ẹ̀kẹfà: Ilẹ̀ àti àlàáfíà

Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí òkun. Òkúta pọ̀, oko ọ̀dùnkún kéré, wọ́n há sáàárín àpáta, ọkọ́ sì ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ ebè. Katakata tí wọ́n ń ná lórí òkè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ: Shendam, Qua'an Pan, Wase, Langtang, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ìrẹsì, iṣu àti àgbàdo ti ń jẹ ẹ́kà lọ rẹrẹẹrẹ. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn ni olówó katakata fi ń háyà rẹ̀, tó sì fi ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọdún. Ẹni tí tirẹ̀ bà jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí páàtì kò dé títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọdún kan ló pàdánù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Èyí tí kò lè túlẹ̀ mọ́ ṣì lè fa ọkọ̀ omi, kó fa yanrìn, kó yí ẹ̀rọ ìpa àgbàdo. Iṣẹ́ kù nínú rẹ̀, iye kù.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù lè gba iṣẹ́ náà lọ, kò sì ṣe é fi sípánà tún ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2023, àwọn apànìyàn ya wọ àwọn abúlé Bokkos àti Barkin Ladi, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Ẹnikẹ́ni tó wà ní gbọ̀ngàn yìí kò nílò kí wọ́n rán an létí. Níbi tí àgbẹ̀ kò ti lè sùn, kò sí ẹni tí yóò wá háyà katakata. Ẹ̀rọ tó pé pérépéré lè jókòó níbẹ̀ láìní iye kankan títí àlàáfíà yóò fi dé. Ẹni tó bá ń ṣírò iye ohun èlò oko ní Plateau tí kò ka èyí sí, ìṣirò rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èkeje: Ògbó ọ̀la

Ní oṣù kẹfà 2025, Ààrẹ Tinubu ṣí aṣọ lójú katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus sí Abuja. Ó dára kí àgbẹ̀ ní ẹ̀rọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò sì ní bu omi sí ayọ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ gbogbo katakata tuntun, ògbó ọ̀la ni. Àwọn tí wọ́n tò ní Bauchi náà dán lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. Ìbéèrè tó kan 2,000 yìí ni èyí tó ya Massey sọ́tọ̀ kúrò lára Steyr: ta ni yóò tún wọn ṣe ní Shendam, pẹ̀lú páàtì ta ni, ní ọdún kẹjọ? Bí ìjọba bá fi ìdá díẹ̀ nínú owó náà kó páàtì, tí wọ́n sì kọ́ mẹkáníìkì méjì méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rà wọ́n ní gbàǹjo. NCAM, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin, ní àyẹ̀wò ẹ̀rọ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí bí páàtì ṣe máa wà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kí ẹ̀rọ kankan tó wọlé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun kan wà tí kò ní dúró de ìjọba. Ilé iṣẹ́ Hello Tractor, tí Jehiel Oliver dá sílẹ̀ ní 2014, ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ katakata tó ń ròyìn ibi tó wà àti wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Lójú ọjà, ohun tí èyí ṣe ni pé ó dá mítà tó kú padà sí ayé. Oníbàárà tó mọ wákàtí ẹ̀rọ kì í fi ìfòyà gé owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní agbára ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ra ìwé ńlá kan ní ọjà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ àkọsílẹ̀, kó fi ọ̀rá wé e, kó so ó mọ́ abẹ́ àga awakọ̀. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kó kọ páàtì tí wọ́n fi sí i àti iye tí wọ́n rà á. Lójú ewé àkọ́kọ́, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ni kó wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, lẹ́yìn náà, orúkọ mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ ṣí i àti àdúgbò tí wọ́n ti lè rí i.